Ta Ni Yóò Kun Àwòrán Wa Lọ́dà?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lónìí lè dà bí eré lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó ju eré lọ. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni, àwọ̀ inú ìtàn aláwòrán tí gbogbo ènìyàn ń pè ní kọ́míìkì.

Àbá méjì kan ti ń jà ràn-ìn láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa. Àwọn kan ní kí a yọ ojú-ewé ìtàn aláwòrán kúrò nínú ìwé ìròyìn wa, nítorí pé dúdú-àti-funfun rẹ̀ kò fa ojú mọ́ra mọ́. Àwọn mìíràn ní kí a má yọ ọ́, kí a kàn gbé e fún ẹ̀rọ tí ń fúnra rẹ̀ ya àwòrán, kí ó bá wa kùn ún ní ìṣẹ́jú kan. Àwa kò fara mọ́ ti àkọ́kọ́, a kò sì fara mọ́ ìkejì. Èrò tiwa ni pé kí àwa ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wa kọ́ bí a ti ń fi kọ̀ǹpútà kun ìtàn aláwòrán lọ́dà, kí a sì kọ́ ọ dójú àmì. Ẹ ó béèrè pé, kí ni a rí lọ́bẹ̀ tí a fi warú sọ́wọ́? Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ wa.

Ẹni tó bá ń ka ìtàn aláwòrán sábà máa ń wo orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ti ẹni tó yà á. Orúkọ ẹni tó kùn ún kì í sí lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ àwọ̀ ló kọ́kọ́ ń bá ojú sọ̀rọ̀. Kí a tó ka gbólóhùn kan, a ti mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti ṣú nínú ìtàn náà tàbí ọ̀sán gangan ni, bóyá ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà náà jẹ́ ọ̀rẹ́ tàbí ọ̀tá. Iṣẹ́ tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń jù sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ìtàn náà.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí iṣẹ́ yìí ti di òwò ńlá, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó ń yan àwọ̀ yóò fi ọ̀dà olómi kun ẹ̀dà àwòrán náà, yóò sì kọ àmì sí ẹ̀gbẹ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan kí àwọn tó ń ṣe páànù ìtẹ̀wé lè mọ èyí tí wọn yóò lò. Íǹkì mẹ́ta ni wọ́n ń pò pọ̀, yàtọ̀ sí dúdú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ní ipò mẹ́rin: kò sí rárá, ìdá kan nínú mẹ́rin, ìdajì, àti kíkún. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin, ó di àwọ̀ 64. Àwọ̀ 64 péré yìí ni wọ́n fi sọ ọ̀kẹ́ àìmọye ìtàn.

Nígbà tí Marvel gbé Hulk jáde ní ọdún 1962, àwọ̀ eérú ni Stan Goldberg, tó ń yan àwọ̀ fún wọn, fi kun ara rẹ̀, bí Stan Lee ti fẹ́. Ilé ìtẹ̀wé kò lè mú àwọ̀ eérú náà dúró sójú kan. Ní ojú-ewé kan ó mọ́, ní òmíràn ó ṣú. Nígbà tí ìwé kejì yóò fi jáde, Hulk ti di aláwọ̀ ewé, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé sì ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún wa: ẹni tó ń kun àwòrán gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀rọ tí yóò tẹ̀ ẹ́ àti bébà tí yóò gbà á.

Ní ọdún 1988 ni Epic, tó jẹ́ ẹ̀ka kan lára Marvel, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Akira, ìtàn Katsuhiro Otomo ará Japan, fún àwọn òǹkàwé Amẹ́ríkà. Dúdú àti funfun ni ìtàn náà nílé. Steve Oliff àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni wọ́n fi kọ̀ǹpútà kùn ún, àwọn kan náà ló sì kun Spawn nígbà tó jáde ní ọdún 1992. Ọdún 1990 ni Photoshop dé. Ọdún 1994 ni wọ́n fi ìpele kún un, tí ènìyàn fi lè fi àwọ̀ kan lé orí èkejì láìba ti ìsàlẹ̀ jẹ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti là fún ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá nílé. Lónìí, àwọ̀ tí ojú ẹ̀rọ lásán lè gbé jáde jẹ́ 16,777,216. Láti 64 dé orí èyí! Ṣùgbọ́n ọjà tó kún jù ló ń dààmú ẹni tí kò mọ ohun tó fẹ́ rà.

Àwa náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi àwòrán sọ ìtàn. Akinola Lasekan bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ nínú West African Pilot ní ọdún 1944, ó sì ń fi wọ́n bá ìjọba amúnisìn jà. Ọkùnrin yìí kan náà ló lọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka lẹ́yìn òmìnira, nítorí náà ọmọ Yorùbá tó ń fi gègé ṣiṣẹ́ lẹ́yìn odi kì í ṣe ohun tuntun. Ní àwọn ọdún 1970, Atọ́ka ń fi fọ́tò àwọn òṣèré sọ ìtàn ní èdè wa. Ní ọdún 1976 ni Wale Adenuga dá Ikebe Super sílẹ̀. Ní ọdún 2021, Iyanu jáde, ìtàn ọmọbìnrin tí Roye Okupe kọ láti inú àṣà Yorùbá, tí Godwin Akpan sì fi àwòrán gbé kalẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2025, ó ti di eré àwòrán lórí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà. Ọjà ti là. Ìbéèrè tó kù ni pé, ta ló múra sílẹ̀ láti ná an?

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ bí iṣẹ́ náà ti rí, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rù rẹ̀ láìmọ̀ pé ìyá àwọn ìyá wa ń ṣe ohun tó jọ ọ́. Ẹ wo aládìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta. Yóò fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà sára aṣọ pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún, kí aró má bàa wọ ibi tí kò fẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò ri aṣọ náà bọ inú ìkòkò aró, yóò yọ ọ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, yóò sì tún rì í bọ̀ ọ́. Bó ti ń rì í sí i ni ó ń jìn sí i. Bí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà ti rí gan-an nìyẹn. A ó fi ẹ̀rọ ya fọ́tò àwòrán orí bébà wọlé, kí àmì inú ínǹṣì kan má dín ní 300. A ó fi ìlà dúdú rẹ̀ sí ìpele òkè pátápátá, a ó yí ìpele náà sí Multiply kí funfun rẹ̀ lè pòórá. Lábẹ́ rẹ̀ ni a ó ti fi àwọ̀ ìpìlẹ̀ sí ibi kọ̀ọ̀kan: awọ ara lọ́tọ̀, aṣọ lọ́tọ̀, ilẹ̀ lọ́tọ̀, ojú ọ̀run lọ́tọ̀. Àwọ̀ ìpìlẹ̀ yìí ni ẹ̀kọ láfún tiwa, òun ni kì í jẹ́ kí àwọ̀ ibi kan ṣàn wọ ibòmíràn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òjìji, lẹ́yìn òjìji ni ìmọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fo àwọ̀ ìpìlẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìmọ́lẹ̀ tó ń dán yanran, ó ń kọ́ òrùlé ṣáájú ògiri ni.

Ìṣòro tó sábà máa ń bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni pé ó fẹ́ lo gbogbo àwọ̀ tó wà lójú ẹ̀rọ. Níbí ni a rò pé ọgbọ́n èdè wa lè gbà wá. Àwọn kan máa ń bú Yorùbá pé orúkọ àwọ̀ mẹ́ta péré ló ní: funfun, pupa, dúdú. Wọn kò mọ̀ pé agbo ilé ni mẹ́ta yìí. Inú agbolé pupa ni epo, osùn, ìyeyè àti iná wà. Inú agbolé dúdú ni aró, ewé tó jin, àti òru wà. Ẹfun, òwú àti ojúmọ́ wà nínú funfun. Agbe, àlùkò àti lékèélékèé tí a fi ń ṣàdúà ń fi ọ̀nà kan náà hàn wá. Kí ènìyàn tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, kí ó kọ́kọ́ pín ojú-ewé rẹ̀ sí mẹ́ta yìí: ibo ni yóò mọ́, ibo ni yóò gbóná, ibo ni yóò ṣú? Bí ó bá dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdajì iṣẹ́ ti parí. Lẹ́yìn tí ó bá kùn ún tán, kí ó yí i padà sí dúdú-àti-funfun fún ìṣẹ́jú kan. Bí ojú kò bá lè ka àwòrán náà mọ́, àwọ̀ kò tíì ṣiṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe Atọ́ka kò ní àwọ̀ kankan nínú àwọn fọ́tò wọn, síbẹ̀ a mọ ẹni tó ń sunkún àti ẹni tó ń sá.

Awọ ara ènìyàn ni ìdánwò tó le jù. Ẹ wo ọ̀pọ̀ àwòrán tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kùn. Bàbá, ìyá, ọmọ, àlejò, àwọ̀ ilẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn gbé wọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe òjìji, wọn a bu dúdú lé e, ara ẹni náà a wá rí bí ara ẹni tí kò fi òróró para nínú ọyẹ́. Àwọn tó ń gbé Òkè Ọya nínú wa mọ ohun tí à ń wí! Bẹ́ẹ̀ Yorùbá kì í pe gbogbo ènìyàn ní dúdú kan. A ní adúmáadán, a ní apọ́nbéporé, a ní ẹni tó dúdú bíi kóró iṣin. Bí ahọ́n wa bá lè ya àwọn ènìyàn wọ̀nyí sọ́tọ̀, kí ló dé tí ọwọ́ wa kò lè ṣe é? Òjìji ara dúdú kò gbọdọ̀ jẹ́ dúdú íǹkì. Ẹ mú àwọ̀ ara náà, ẹ jẹ́ kí ó jìn, kí ẹ sì tì í sí ìhà osùn tàbí sí ìhà aró. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti kan iwájú orí àti orí imú, ẹ jẹ́ kí ó gba díẹ̀ nínú àwọ̀ ojú ọ̀run. Ara náà yóò yè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ. Ẹni tí kò mọ òfì yóò kun ẹtù ní búlúù tó ń tàn bí ike. Ẹtù kò rí bẹ́ẹ̀. Aró tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú ni, pẹ̀lú ìlà funfun tíntìntín tó mú kí ó jọ ìyẹ́ ẹyẹ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Sányán ní àwọ̀ ilẹ̀ tó mọ́, nítorí òwú inú kòkòrò ni. Àlàárì ló pupa. Bí a bá wọ àlàárì fún ẹni tí ìtàn ní ó wọ sányán, òǹkàwé tó mọ̀ yóò rẹ́rìn-ín, èyí tí kò mọ̀ yóò sì kọ́ irọ́. Ẹ má sì gbàgbé pé nínú wa ni àwọn tí a bí sí Kánò, sí Jọ́ọ̀sì, sí Kàdúná, tí wọn kò débi tí wọ́n ti ń pa aró nílẹ̀ Yorùbá rí. Ojú-ewé ìtàn aláwòrán inú ìwé ìròyìn yìí lè jẹ́ ibi àkọ́kọ́ tí wọn yóò ti rí ẹtù. Àwọn tó bá wà ní Kánò lè rìn dé kòtò aró Kofar Mata, níbi tí àwọn Hausa ti ń pa aró láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, kí wọ́n lọ fi ojú ara wọn wo bí aró ti ń jìn. Aró kì í ṣe tiwa nìkan, ojú tí a fi ń wò ó ló yẹ kí ó jẹ́ tiwa.

Ìdí nìyí tí a kò fi fara mọ́ kí a gbé iṣẹ́ náà fún ẹ̀rọ pátápátá. A kò sọ pé ẹ̀rọ kò wúlò. Krita ní irinṣẹ́ kan tí ń bá ènìyàn da àwọ̀ ìpìlẹ̀ sí ibi tó yẹ, ó sì dára kí a lò ó. Ṣùgbọ́n yíyan àwọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ tí à ń rán ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ̀rọ tí ń fúnra rẹ̀ ya àwòrán yóò fún wa ní àwọ̀ tó dùn ún wò, yóò sì wọ àlàárì fún ẹni tó yẹ kó wọ sányán láìbi ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ òfin tún wà níbẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2023, ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn òǹkọ̀wé ṣe ìpinnu lórí ìwé ìtàn aláwòrán kan tó ń jẹ́ Zarya of the Dawn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ àti bí òǹkọ̀wé náà ti tò ó jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ààbò òfin fún àwọn àwòrán tí ẹ̀rọ Midjourney yà. Ṣé ohun tí a kò ní lè pè ní tiwa lọ́la ni a fẹ́ máa fi owó ẹgbẹ́ tẹ̀?

A mọ ohun tí ẹ ó sọ: owó dà? Iná dà? Òótọ́ ni pé láti ọdún 2013 ni Adobe ti sọ Photoshop di ohun tí à ń san owó rẹ̀ bí owó ilé. A kò sì gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó lọ gba ẹ̀dà olè, tí kòkòrò inú rẹ̀ yóò jẹ iṣẹ́ ìparí ẹ̀kọ́ rẹ̀ run. Ọ̀fẹ́ ni Krita. Ọ̀fẹ́ ni GIMP, láti ọdún 1996 tó ti kọ́kọ́ jáde. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ibisPaint lórí fóònù rẹ̀. Máòsì lásán tó fún àwọ̀ ìpìlẹ̀, kálàmù ẹ̀rọ lè dé bó bá yá. Ní ti iná, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa fi iṣẹ́ pamọ́ fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kí ẹ sì máa fi ẹ̀dà kan sórí fóònù. Díẹ̀ díẹ̀ leku ń jawọ.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń lo fóònù gbọ́dọ̀ mọ̀. Ojú ẹ̀rọ ń fi ìmọ́lẹ̀ pupa, ewé àti búlúù ṣe àwọ̀. Ilé ìtẹ̀wé ń fi íǹkì cyan, magenta, yellow àti dúdú ṣe tirẹ̀. Nítorí náà, àwọ̀ ewé tó ń kọ mọ̀nà lójú fóònù yóò ṣìgbọ̀nnù nígbà tó bá dé orí bébà. Kí a yí iṣẹ́ padà sí CMYK, kí a tẹ ojú-ewé kan wò kí a tó tẹ gbogbo rẹ̀. Kí a sì fi íǹkì dúdú nìkan kọ ọ̀rọ̀ inú ìtàn, nítorí bí páànù bá yẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a fi íǹkì mẹ́rin kọ yóò di méjì lójú.

Àbá wa fún ẹgbẹ́ nìyí. Lákọ̀ọ́kọ́, kí a ya wákàtí méjì sọ́tọ̀ ní ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó ní kọ̀ǹpútà gbé e wá, kí àwọn tí kò ní jókòó tì wọ́n. Ìkejì, kí a máa fi àwọ̀ tẹ ojú-ewé ìtàn kan péré nínú ìwé ìròyìn kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ṣe àwọ̀ ìpìlẹ̀, kí àwọn tó ti mọ̀ ọ́n ṣe òjìji àti ìmọ́lẹ̀. Kárí ayé ni àwọn tó ń kun kọ́míìkì ti ń san owó fún ẹni tó ń bá wọn ṣe àwọ̀ ìpìlẹ̀, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n dáadáa lè rí owó oúnjẹ rẹ̀ níbẹ̀. Ìkẹta, kí olúkúlùkù tó bá lọ ilé nígbà ìsinmi ya fọ́tò aṣọ, ilé, igi àti ilẹ̀ ìlú rẹ̀ wá, kí ẹgbẹ́ kó wọn jọ fún lílò gbogbo wa. Ìkẹrin, kí a máa kọ orúkọ ẹni tó kun àwòrán sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹni tó yà á, kí lẹ́tà rẹ̀ má sì kéré.

Ìlú tí a wà yìí, ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa tí kì í ṣe Yorùbá kò ní dé Ọ̀ṣogbo tàbí Ìsẹ́yìn láéláé. Ohun tí wọ́n bá rí nínú ìwé wa ni wọn yóò gbà pé a jẹ́. Ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ kò jìnnà. Kí ẹni tó ní kọ̀ǹpútà gbé e wá, kí ẹni tí kò ní mú ojú rẹ̀ wá. Ire o.